Èmi Ni Mo Ba Aṣọ Àwọn Nọ́ọ̀sì Jẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti jókòó sí mi láyà fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ó tó gẹ́ẹ́, kó dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fara balẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, orin ni mo mọ̀ jù. Bí mo bá yà sọ́nà orin, ẹ fà mí padà. Kì í ṣe ìyàwó àbúrò mi ló ba aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì jẹ́. Èmi ni. Èmi ìyá arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín kiri yìí.

Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí eyín mi ṣì pé. Ìdí ọpọ́n bílíìsì ni ipò mi, omi tó ń mú kí aṣọ funfun padà funfun. Bí aṣọ kò bá pẹ́ tó nínú rẹ̀, àbàwọ́n ò ní lọ. Bó bá pẹ́ jù, omi náà á jẹ òwú rẹ̀, aṣọ á máa ya bí ìwé tó rin. Aago wà lára ògiri o, ṣùgbọ́n èmi àti aago kì í sọ̀rọ̀. Orin ni mo fi ń ka àkókò, èyí tí mo fúnra mi ṣe:

Funfun mi, padà wá,
Ibi o lọ, mi ò bi ọ́;
Ìdọ̀tí, dágbére, máa lọ,
Ọmọ mi ti fẹ́ wọlé.

Bí mo bá ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá, mo gbé aṣọ jáde. Ogún ọdún, mi ò ṣì í rí. Ìyàwó àbúrò mi wà nídìí tábìlì kejì, ó ń lọ aṣọ. "Ọkọ mi" ló ń pè mí, bí ìyàwó ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Á ní, "Ọkọ mi, orin yín tún ti bẹ̀rẹ̀! Aṣọ gan-an ti mọ̀ ọ́n kọ." Èmi náà á ní, "Ìyàwó, pa ẹnu mọ́, wo áyọ́ọ̀nù rẹ."

Àìsàn wá dé. Kòkòrò tí ojú ò rí ló gbé mi ṣubú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò ní ọsibítù, tí wọ́n ń fi rọ́bà gbé afẹ́fẹ́ sí mi nímú. Mo yè é, mo jó jáde. Nọ́ọ̀sì kan mú ìwé lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ o. Kòkòrò náà ti lọ, àmọ́ ohun tó bàjẹ́ lára yín lè má tíì bọ̀ sípò. Oorun yín lè dàrú, ẹ lè máa gbàgbé nǹkan, inú lè máa bí yín láìnídìí. Ó lè tó oṣù, ó lè tó ọdún. Kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ fún ọ̀gá yín ní ìwé yìí, kó fún yín ní iṣẹ́ tó rọrùn ná." Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Mo débi iṣẹ́, mo ká ìwé náà kéékèèké, mo tì í sábẹ́ agolo sítáàṣì. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ pé orí òun ti dàrú? Agídí lásánlàsàn!

Ẹ wá wo ìyọnu. Oorun tó kọ̀ mí lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ló wá ń wá mi kiri lọ́sàn-án gangan nídìí ọpọ́n. Bọ́tìnnì já, mo sunkún. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, mo bú u. Èyí tó bí mi nínú jù ni orin mi: ìlà kẹta sá lọ! Màá kọ "mi ò bi ọ́," ẹnu á là sílẹ̀, màá tún padà sí "Funfun mi." Orin tí mo bí fúnra mi! Ìyàwó mi ṣàkíyèsí, kò bi mí ní nǹkan kan. Bí mo bá ti dúró, á gbé e láti ìdí tábìlì rẹ̀, "Ìdọ̀tí, dágbére, máa lọ," èmi á sì bá a lọ bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mi ò dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kan ó jáde lọ sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì sóòrùn. Aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì méjìlá ló wà nínú ọpọ́n, láti ọsibítù gan-an tó wò mí sàn. Mo bẹ̀rẹ̀ orin, mo dé ìlà kejì, mo padà; mo tún débẹ̀, mo tún padà. Oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo lajú, mo fa aṣọ àkọ́kọ́ sókè, apá rẹ̀ kan kù sínú omi.

Ọ̀gá wa wọlé. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí kì í pariwo. Ọjọ́ náà ló pariwo. "Ta ló wà nídìí ọpọ́n yìí?" Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu tó ń kọrin yìí sọ: "Ìyàwó ni. Mo ní kó bá mi wò ó kí n fi lọ tọ̀. Ẹ̀rín àti àwàdà nìkan ló mọ̀." Ìyàwó mi ti dé ẹnu ọ̀nà, apẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí. Ó mọ̀ nípa ìlà kẹta. Gbólóhùn kan péré, "Ọ̀gá, orí ìyá yìí ò tíì dá," ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Kò sọ ọ́. "Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló sọ. Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo tún bá a di báàgì rẹ̀! Ojú kò tì mí!

Láti ìgbà náà, ilé dé ilé ló ti ń fọwọ́ fọṣọ, ọṣẹ ti bó o níka. Bí a bá pàdé, á kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, mà." Mà! Bí ẹni pé tíṣà rẹ̀ ni mí.

Ní oṣù tó kọjá, oorun mi padà, ìlà kẹta náà sì wọlé tẹ̀lé e. Inú mi dùn bí ọmọdé. Ìdùnnú yẹn ló kó mi sí wàhálà, torí mi ò rí nǹkan kan fi bojú mọ́. Àìsàn ló gba ìlà kẹta. Kì í ṣe àìsàn ló purọ́. Mo fa ìwé nọ́ọ̀sì jáde, sítáàṣì ti mú un gan bí pákó, mo sọ gbogbo rẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ọ̀gá kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Màmá, ká ní ẹ ti fún mi ní ìwé yìí ni, ǹ bá ti gbé yín lọ sídìí aṣọ kíká." Jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Ó dùn mí ju ariwo lọ. Ó ránṣẹ́ pe ìyàwó mi. Ìyàwó mi gbọ́ mi tán, ó ní, "Mo ti gbọ́, mà. Iṣẹ́ nìkan ni màá padà sí."

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí àìsàn ńlá bá fi yín sílẹ̀ tí orí ò tíì bọ̀ sípò, ẹ sọ ọ́ jáde kí ẹlòmíràn tó bá yín jìyà rẹ̀.

Ìyàwó mi ló wà nídìí ọpọ́n báyìí. Aago wà lójú rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n kà. Orin mi ló ń kọ. Lánàá, ó dé ìlà kẹta, ó dúró. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ó kàn dúró. Mo bá a gbé e: "Ìdọ̀tí, dágbére, máa lọ." Ó bá a lọ.

Ìyàwó mi, jọ̀ọ́, dárí jì mí. Bí "ọkọ mi" bá ṣì kù lẹ́nu rẹ, mo wà nídìí tábìlì níbí, mò ń ká aṣọ.