Ohùn Màámi Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá, níbi tí mo ti ń dúró kí wọ́n bá mi tẹ ìwé jáde, ni obìnrin kan ti wọlé wá béèrè kọ̀ǹpútà ilé rẹ̀ tó ti gbé wá fún àtúnṣe.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ohùn màámi ṣì wà níbẹ̀? Mo gbà á sílẹ̀ kí wọ́n tó kú. Kò sí níbòmíì.”

“Ẹ fara balẹ̀, Mọ́mì. Kí lẹ tẹ̀ tó fi bàjẹ́?”

“Nǹkan kan ló yọ lójú ẹ̀. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, kí n tẹ ibẹ̀ kí òun lé e jáde. Mo bá tẹ̀ ẹ́.”

“Háà! Ẹni tó ní òun wá lé olè yẹn gan-an lolè, Mọ́mì. Ó ti ń wo gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀.”

Obìnrin náà rọra jókòó. “Òun gan-an lolè,” ló ń tún sọ lábẹ́lẹ̀.

“Mo ti yọ ọ́ kúrò ṣá, mo sì ti fi ojúlówó tó ń lé fáírọ́ọ̀sì sí i. Ẹ pààrọ̀ pásíwọ́ọ̀dù yín, kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà ohùn Màmá síbòmíì.”

“Ó ṣì wà?”

Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ohùn ìyá àgbà kan jáde ketekete: “Ṣé nǹkan yìí ń gbọ́ mi? Tí kò bá gbọ́ mi, mi ò sọ̀rọ̀ o.”

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ó ń gbọ́ yín, Màámi. Ẹ máa sọ̀rọ̀ jàre.”