Ẹja tó ń dúró de físà

Mo wà níwájú àtẹ ẹlẹ́ja yíyan kan l'Ọ́jà Olúwo, l'Ẹ́pẹ́, nígbà tí ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

“Ìyá ẹlẹ́ja, ẹ fún wa léyìí tó gbẹ dáadáa, tí ò ní bu kó tó dé òkè òkun.”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á mọ́. Wọ́n tún ti fi físà dù mí. Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń gba ẹ̀kọ́ ilé-ìwé òkè òkun náà, nínú yàrá mi ní Ìgbògbò.”

“Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń pe másításì tó ò ń ṣe yìí?”

“Òfin àgbáyé àti ti ilẹ̀ Yúróòpù. Èyí tó ní kí àwọn ará ibẹ̀ máa ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn láìsí físà, òun gan-an ni mò ń ṣèwádìí lé lórí.”

“O ò wá fi òfin náà pè wọ́n lẹ́jọ́, kí wọ́n jẹ́ kó o wọlé?”

“Ará ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, Mọ́mì.” Ọmọ náà mí kanlẹ̀. “Ilé tí wọn ò jẹ́ kí n wọ̀, èmi ni mo mọ gbogbo ilẹ̀kùn ẹ̀.”

Gbólóhùn yẹn ò kúrò létí mi títí di báyìí.

Ìyá mú ẹja kan lórí àtẹ, ó yí i wò. “Ẹja tá a rà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi físà dù ẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ yan án, ẹ tún un yan, nígbà tó yá la fi jẹ ẹ̀bà.”

Ìyá yíjú sí ẹlẹ́ja, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

“Ẹ bá wa dá a padà sórí iná díẹ̀ sí i. Ọ̀nà ẹ̀ jìn.”