Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Ló Wà Lára Agolo Náà

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú bí ohùn mi bá ń gbọ̀n. Ọlọ́run tó dá ọmọ mi padà fún mi láàyè, èmi ìyá Rosaline ni mo dúró níwájú Rẹ yìí, ọpẹ́ ló gbé mi wá.

Ẹ mọ̀ pé ilé wa kì í mu ọtí. Sódábì, ògógóró wa yìí, nìkan ni Rosaline mọ̀ ní ọtí, nítorí òórùn rẹ̀. Tó bá ti gbóòórùn rẹ̀, á sá. Lọ́jọ́ ọjà Ikpinlè, mo rán an lọ ta gàárì. Àṣé ọkọ̀ kan ti dé síbẹ̀, orin ń dún lórí rẹ̀ bí ààrá, wọ́n ń pín agolo tútù lọ́fẹ̀ẹ́ fáwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tó bá mu ún tán tó sì jó, wọ́n á fún un ní ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni wọ́n yà sára agolo, ó sì dùn. Ọmọ mi pè é ní súkírèrì, omi dídùn lásán. Ta ni kò ní pè é bẹ́ẹ̀? Ó mu, ó tún mu.

Ilẹ̀ fẹ́ẹ̀ ṣú, kò dé. Aládùúgbò wa kan tó ti ọjà bọ̀ ní òun rí i tó ń ta gbọ̀ọ́ngbọ̀ọ́n lọ lọ́nà oko ọ̀pẹ, òun rò pé eré ló ń ṣe. Hẹ̀ẹ́! Mo sáré gba ọ̀nà náà, mo ń pe orúkọ rẹ̀, ẹnì kankan ò dáhùn. Mo bọ́ bàtà, mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo ní, "Jésù, má jẹ̀ẹ́ kí n gbé òkú ọmọ mi wálé!"

Bí mo ṣe gbójú sókè, mo rí àwọ̀ ìyeyè létí kòtò tí a ti ń fọ epo. Ẹ̀wù yẹn ni! Òjò ti kún kòtò náà, irun ọmọ mi ti wà nínú omi, díẹ̀ ló kù kí imú rẹ̀ wọ̀ ọ́. Mo fà á, mo ń gbá a lẹ́yìn, mo ń ké Halelúyà, mo ń sunkún. Ó bì, òórùn ọtí sì gba ibẹ̀. Ó ní, "Màmá, omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo mu o."

Òun nìyí! Ẹ wò ó, ó ń mí! Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fògo fún Olúwa!

Àmọ́ ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Àwọn ọlọ́kọ̀ agolo yẹn ti kéde pé àwọn ń padà bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó jó, ẹ wẹ̀yìn. Sùtánà funfun wa yìí fẹ́lẹ́, kì í bo nǹkan. Mo ń rí àwọ̀ ìyeyè yẹn lábẹ́ tàwọn ọmọ wa tó jókòó sẹ́yìn.