Ẹni Tí Fíìmù Ìfẹ́ Ń Sọ Di Ìkà

Ọkọ̀ Ìlọrin tí a wọ̀ ní gáréèjì Òmù-Àrán ò tíì kún nígbà tí àwọn obìnrin méjì tó jókòó níwájú mi wo fíìmù ìfẹ́ kan tán lórí fóònù èyí tó jẹ́ àbúrò.

"Àǹtí mi, fíìmù yìí dùn! Ọkùnrin yẹn já ọmọ olówó yẹn jù sílẹ̀, ó fẹ́ tíṣà tó wù ú."

"Kò dùn rárá. Kí ló dé tí ẹni tí wọ́n já jù sílẹ̀ fi gbọ́dọ̀ máa bú ìyá oníyàá, kó máa da omi sí èèyàn lára?"

"Ìkà ni, Àǹtí."

"Àwọn tó ṣe fíìmù ló sọ ọ́ di ìkà, kí àánú ẹ̀ má baà ṣe wá. Nígbà tí ọkùnrin tèmi lọ fẹ́ ẹlòmíì, ṣé mo da omi sí ẹnikẹ́ni lára?"

"Ẹ ṣáà gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn."

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn ní Ìjàrà, èmi ni mo gún iyán tí wọ́n gbé síwájú ọkọ àti ìyàwó. Kò ní kókó kan ṣoṣo. Mo gbọ́ pé ti ìyàwó ẹ̀ máa ń ní kókó títí dòní."

Ó tún un sọ, bíi pé ẹnì kan ń bá a jiyàn: "Kò ní kókó kan ṣoṣo."

"Àǹtí, ta ló máa jókòó wo ẹni tó ń gúnyán nínú fíìmù ìfẹ́?"

"Èmi máa wò ó. Kí wọ́n ya ọwọ́ mi tó bó. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wá ya ọkọ ìyàwó, níbi tó ti ń sọ pé kí wọ́n tún bù sí i fún òun."