Àwòrán Akéwì Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀wù Òtútù Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti gbé ohun tí kì í ṣe tèmi pamọ́ sílé mi ní Scarborough. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́, nítorí ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Toronto níbí. Nígbà náà, mò ń tọ́jú ìyá òyìnbó kan nílé wọn, Mama ni mo máa ń pè wọ́n. Wọn ò bímọ, ọkọ wọn sì ti kú. Orí wọn pé dáadáa. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń dùn wọ́n.

Àwòrán akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan wà lára ògiri yàrá wọn, irú èyí tí wọ́n fín sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Akéwì náà ti kú láti bí igba ọdún. Ọkọ Mama ló fún wọn ní àwòrán náà nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Láràárọ̀ ni Mama máa ń kí i, wọ́n á tún ka ewì fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá ń bá òkú sọ̀rọ̀, àdúrà ló kàn. Ojú ọkùnrin inú àwòrán náà sì ń tẹ̀ lé mi káàkiri yàrá. Mo rò pé mò ń gba Mama là ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n sùn, mo yọ ọ́, mo fi kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì wa bo ojú ibẹ̀, mo sì gbé e lọ sílé, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀wù òtútù mi.

Nígbà tí wọ́n jí, wọ́n béèrè àwòrán náà. Mo ní, "Mama, àwòrán wo? Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀ rí."

Wọ́n wá a títí. Wọ́n sunkún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn láti Whitby, tí kì í sábà wá, bi mí léèrè. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí kí iṣẹ́ má lọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní Mama ti ń ṣarán. Kò pẹ́ sígbà náà ló gbé wọn lọ sílé àwọn arúgbó.

Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ mi wí nítorí irọ́! Ojú ń tì mí gan-an.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ kí wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Má bínú, ọmọ mi," wọ́n ní. "Òótọ́ lo sọ. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀ rí."

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbé e padà fún wọn, kódà tí iṣẹ́ ìtọ́jú tí mò ń ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ. Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún arúgbó pé orí rẹ̀ ò dàrú rí?