Ọjọ́ Tí Wọ́n Ka Orúkọ Ìbùkún

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín o. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró síwájú yín láàárọ̀ yìí, ọpẹ́ mi kò tó o, àmọ́ ìwọ̀nba tí mo ní ni mo mú wá. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí mo ti wọ Ẹgbẹ́ Ìyá, ìjókòó ẹ̀yìn ni tèmi. Lónìí, mo ní láti sọ̀rọ̀.

Ọ̀pọ̀ yín rò pé Tóyìn ni àkọ́bí mi. Kì í ṣe òun. Kí n tó bí Tóyìn, mo bí ọmọbìnrin kan. Ìbùkún ni mo sọ ọ́. Nítorí pé agboolé Mùsùlùmí ni mo fẹ́ ọkọ sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìyá ọkọ mi náà fún un ní orúkọ tiwọn, Múínátù. Méjèèjì ló ń jẹ́. Tí mo bá pe Ìbùkún, á dáhùn. Tí Ìyá bá pe Múínátù láti yàrá wọn, á sá kúrò lọ́dọ̀ mi, á lọ bá wọn. Ọmọ náà fẹ́ràn bàtà. Bàtà ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ó ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, á máa wọ́ ọ káàkiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ó ku oṣù mẹ́ta kó pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ibà mú un. Oṣù kẹjọ ni, òjò ń rọ̀. Ọjọ́ Tuesday ni ibà bẹ̀rẹ̀, gìrì tẹ̀lé e. A gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gbìyànjú. Ní Thursday, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá kì í tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lọ sí sàréè. Ìyá ọkọ mi ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ìborùn funfun wọn wé e, àwọn ọkùnrin agboolé sì gbé e lọ. Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, aṣọ rẹ̀ kan kò sí nínú yàrá mi mọ́. Ìyá ti kó gbogbo ẹ̀, títí dé fótò kan ṣoṣo tí a yà fún un. Mo béèrè. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, má bi mí. Ọlọ́run á fún ẹ ní òmíràn." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ yẹn nínú ilé wa mọ́. Ọkọ mi pàápàá kò dárúkọ rẹ̀.

Mo bínú sí ìyá ọkọ mi. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run àti níwájú yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bínú. Mo ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, mo ń se oúnjẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò bá mi kúnlẹ̀ rí.

Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹjọ bá ti dé, àìsàn á dá mi dùbúlẹ̀. Àyà á há mi, apá á máa ro mí, oúnjẹ ò ní lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Marina, ọ̀gá mi ti mọ̀ pé oṣù kẹjọ ni mo máa ń gba sick leave. Mo ya ẹ̀kísíréè, mo ṣe tẹ́ẹ̀sì lóríṣiríṣi. Dókítà ní òun ò rí nǹkan kan. Mo gbààwẹ̀ títí. Àwọn kan wá bá mi, wọ́n ní kí n la ojú mi dáadáa, kí n wo àgbà tó wà nílé ọkọ mi. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó sì fẹ́ wọ̀ mí létí, torí ẹni tí èèyàn ti ń bínú sí tẹ́lẹ̀, kò ṣòro láti gba ohun búburú gbọ́ nípa rẹ̀.

Ìsìn Ìrántí wa náà tún wà níbẹ̀. Tí oṣù kọkànlá bá dé, tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn olóògbé, tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń dìde bí wọ́n ṣe ń pe ẹni wọn, èmi á díbọ́n pé ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu, mà á jáde. Ikọ́ kankan ò ṣe mí. Ẹ̀bá gèètì ni mo máa ń lọ dúró sí títí wọ́n á fi parí.

Lọ́dún tó kọjá, ní ìpàdé àdúrà àwọn ìyá, wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tó ń fẹ́. Ó kàn mí. Mo kàn sọ nínú mi pé, "Olúwa, o mọ̀ ọ́n." Àdúrà mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí Ìyá ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn sì sán. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni ìtọ́jú wọn bọ́ sí lọ́wọ́. Kí n má parọ́, inú mi ò dùn sí i. Mò ń wẹ̀ fún wọn, mò ń bu oúnjẹ fún wọn, ojú mi sì le. Ibi tí a wà nìyẹn tí oṣù kẹjọ fi wọlé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń di irun wọn. Àyà mi ti ń ro mí bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n bi mí pé, "Ìyàwó mi, ọ̀la kọ́ ni Thursday?"

Mo ní, "Ọ̀la ni, mà."

"Jọ̀ọ́, bá mi ra ẹ̀wà wá ní Èbúté Èrò. Mi ò lè dìde dín àkàrà sàráà lọ́dún yìí. Ìwọ ni wàá bá mi dín in."

Mo mọ sàráà yẹn. Ọdọọdún ni Ìyá máa ń dín àkàrà fún àwọn ọmọdé agboolé. Èmi náà ti jẹ nínú ẹ̀ láìmọye ìgbà. Mo rò pé ti bàbá ọkọ mi tó ti kú ni. Mo ní, "Ti Bàbá ni, mà?"

Wọ́n ní, "Rárá o. Ti Múínátù ni."

Ọwọ́ mi dúró nínú irun wọn. Mo ní, "Ìyá, Múínátù wo?"

"Múínátù wa. Ìbùkún rẹ."

Wọn ò pè é ní Ìbùkún rí. Mo bi wọ́n bóyá láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ní kò sí ọdún tí àwọn fò. Ẹkún gbé mi. Mo wá béèrè ohun tó ti ń dùn mí láti ọjọ́ yìí wá: kí ló dé tí wọ́n kó ẹrù ọmọ mi lọ?

Ìyá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Kí n tó bí ọkọ rẹ, ọmọ mẹ́ta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n fi aṣọ wọn sílẹ̀ fún mi. Mò ń gbóòórùn wọn lójoojúmọ́, díẹ̀ ló kù kí orí mi dàrú. Nígbà tí tìẹ ṣẹlẹ̀, mo ní irú ẹ̀ ò ní ṣe ìyàwó mi. Mo rò pé tí o ò bá rí wọn, á tètè fúyẹ́ lọ́kàn rẹ. Mo ṣì í ṣe. Mo rí i pé kò fúyẹ́, àmọ́ mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀."

Wọ́n ní kí n fa àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde. Fótò náà wà níbẹ̀. Gáùn rẹ̀ kékeré méjì wà níbẹ̀. Bàtà ọkọ mi ẹsẹ̀ kan sì wà níbẹ̀, èyí tí ọmọ náà ń wọ́ kiri lọ́sẹ̀ tó ṣàìsàn, tí ọkọ mi wá títí tó fi sú u. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún. Ìyá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo béèrè sàréè. Wọ́n ní àwọn mọ ojú ibẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti sin àwọn mìíràn lé e, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí i mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbì kan.

Nígbà tí wọ́n ní ká wá kọ orúkọ fún Ìsìn Ìrántí, mo lọ bá Bàbá Akọ̀wé wa. Wọ́n ní, "Ọjọ́ orí ńkọ́?" Mo ní ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé ó ṣe ìrìbọmi?" Mo ní kò ṣe é. Wọ́n rọra gbé bírò sílẹ̀, wọ́n ní kí a lọ bi àlùfáà wa, Fíkà.

Fíkà gbọ́ ọ, wọ́n yíjú sí mi. "Ta ló bí i, mà?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì."

Nígbà tí mo sọ fún Ìyá, wọ́n ní àwọn máa tẹ̀lé mi, àwọn fẹ́ fi etí ara àwọn gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tó wà níbí lọ́jọ́ náà rí wọn. Ọkọ mi ló dì wọ́n mú wọlé, òun tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì àfi ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lórí bẹ́ńṣì kan, tẹ̀sùbáà Ìyá wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ń ka orúkọ, mi ò jáde. Wọ́n kà á dé tiwa: Ìbùkún Múínátù, ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́sàn-án.

Mo di bẹ́ńṣì iwájú mú kí n lè dìde. Ìyá, tí egungun wọn sán, ló fi ọwọ́ kan di ọ̀pá mú, wọ́n ki ọwọ́ kejì sí abẹ́ apá mi. Wọ́n ní, "Dìde, ìyàwó mi. Ọmọ wa ni wọ́n ń pè." A sì dìde.

Ará, oṣù kẹjọ ọdún yìí ti wá, ó sì ti lọ. Àyà ò há mi. Mi ò lo oògùn kankan. Mo dín àkàrà sàráà, Ìyá jókòó tì mí, wọ́n ní iyọ̀ mi pọ̀ jù. Kì í ṣe pé mo ti gbàgbé ọmọ mi o. Mò ń rántí rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ẹni tí wọ́n ní kí n máa fura sí, òun ló ń bá mi tọ́jú orúkọ ọmọ mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo ti kúnlẹ̀ bẹ Ìyá, wọ́n sì ti dárí jì mí.

Bàbá Akọ̀wé ti tún ṣí ìwé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, tó ní ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bá yín dárúkọ rẹ̀ rí, ẹ lọ kọ ọ́. Tí ẹsẹ̀ yín bá wúwo, ẹ pè mí, a ó jọ lọ ni. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi gbé ògo fún Ọlọ́run tí kò ka ọmọ kankan sí kékeré jù láti rántí.