Irọ́ tí mo pa mọ́ ilé ọmọ Ràṣídá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ǹ bá gbé e wọ sàréè, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ mi sọ fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá kò jẹ́.

Èjìgbò ni mò ń gbé, ata ni mò ń bá àwọn èèyàn lọ̀. Ràṣídá ni àkọ́bí mi. Nígbà tó jáde ilé ìwé girama, ó ní iṣẹ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà ló wu òun. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Masifa. Kò pé ọdún méjì tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kadà bá ń kọjá níta, á ti sọ ohun tó ń ṣe é.

Ìyá ọkọ mi kò fẹ́ ẹ rárá. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí mi létí: "Ìyàwó, ọwọ́ tó ń rùn fún ọ́ìlì, ta ni ó jẹ ọbẹ̀ ẹ̀? Ṣé ọkùnrin lo bí fún wa ni?" Àwọn ìyàwó ilé á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní mi ò kọ́ ọmọ mi bó ṣe yẹ.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kó gba fúrídọ̀mù, mo lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Mo purọ́ fún un pé dókítà ní iṣẹ́ náà máa ba ilé ọmọ Ràṣídá jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ pé mo wá. Àyà ọkùnrin náà já. Ó ní kí Ràṣídá máa lọ sílé, pé ọwọ́ rẹ̀ kò gba iṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sunkún. Èmi ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú un lọ fọ́kọ ní Abidjan.

Inú ń bí mi. Mo ru ẹ̀gẹ́ láti oko Ọ̀là wálé pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó rántí pé mo ní ilé ọmọ. Ẹrù wọn ni mo rù. Àfi ìgbà tí ọmọbìnrin mú sípánà fún ara rẹ̀ ni gbogbo wa di dókítà. Ìyá ọkọ mi ti kú, mi ò lè bá wọn jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ wọn kọ́ ló sì rìn dé Masifa. Ẹsẹ̀ tèmi ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ràṣídá ní ọmọ òun obìnrin, Àmínà, tú fáànù tó bàjẹ́, ó tò ó padà, fáànù náà sì ń ṣiṣẹ́. Inú mi ń dùn lọ́wọ́ nígbà tó ní, "Màámi, mo ti gba sukúdiráfà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní èmi náà dán an wò, Ọlọ́run ò dá irú ọwọ́ yẹn fún obìnrin. Àbí ẹ̀yin náà ò rí i?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo tún pa irọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ jọ̀ọ́.

Wọ́n ń bọ̀ wálé fún Iléyá. Tí mo bá jẹ́wọ́, Ràṣídá lè má pè mí ní ìyá mọ́. Tí mo bá dákẹ́, Àmínà ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ̀rọ ata mi dẹnu kọlẹ̀ lánàá, mo sì sọ fún wọn láàárọ̀ yìí. Àmínà gba fóònù, ó rọra ní, "Màmá àgbà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ẹ dúró dè mí."

Mi ò tíì pe ẹni tó ń bá mi tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu wo ni kí n fi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀?